Olùwádìí nááfù tí kò ní ojú-ewé lórí Google Scholar: báwo la ṣe ń ka àtẹ̀jáde àti ìtọ́kasí rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù (Ọjọ́ Ajé, 8:42 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Mo ń ka másítà nínú ẹ̀kọ́ iṣan àti nááfù. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní tropical ataxic neuropathy, àìsàn nááfù tó ń da ìrìn, ojú àti etí rú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe dáadáa láàárín àwọn Ìjẹ̀bú. Èèyàn kò lè kọ nípa rẹ̀ kó má kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà mọ́kànlá ni mo tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ nínú orí kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka iṣẹ́ mi síwájú àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹgbẹ́ mi. Ẹnì kan dìde, ó ní, "Kí ni h-index ọkùnrin yìí? Mo wá a lórí Google Scholar, mi ò rí ojú-ewé rẹ̀. Ṣé àpilẹ̀kọ 1968 lo fẹ́ fi ṣe òpó ilé rẹ?" (Google Scholar ni ibi tí Google ti ń jẹ́ ká wá àpilẹ̀kọ ìmọ̀; h-index ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn àpilẹ̀kọ olùwádìí àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn.) Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí délé, torí ó dá mi lójú pé èsì wà, ẹnu mi ni kò gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìtọ́kasí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ mọ́ra: iṣan ni mo ń pe ẹran tó ń fa egungun, nááfù ni mo ń pe okùn tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ láàárín ọpọlọ àti ara. Bá a bá pe gbogbo rẹ̀ ní iṣan bá a ti ń ṣe nílé, ti ẹ̀jẹ̀ náà á tún wọ inú rẹ̀.

ÒpìtànÌwé (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ilé-ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé irú ìbéèrè yẹn wá bá mi lórí tábìlì.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìgbà tí nǹkan kọ̀ọ̀kan dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Google Scholar jáde ní 2004. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló gbé h-index kalẹ̀ ní 2005. Ojú-ewé tí ẹni yẹn wá tì, ẹni tó ni ín ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i: á forúkọ sílẹ̀, á sì yan àwọn àpilẹ̀kọ tó jẹ́ tirẹ̀. Ta ni ì bá ṣí i fún ẹni tó ti kú ní ọdún mẹ́sàn-án kí irinṣẹ́ náà tó dé? Nítorí náà, àìsí ojú-ewé kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọkùnrin náà.

Ní ti h-index fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. To àpilẹ̀kọ ẹnì kan láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ wá sísàlẹ̀. Bí méjìlá nínú wọn bá ní ìtọ́kasí 12 ó kéré tán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìkẹtàlá kò sì tó 13, 12 ni h ẹni náà. Ẹni tó bá wá kọ àpilẹ̀kọ méjì péré láyé rẹ̀, tí wọ́n sì tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 3,000 ńkọ́? 2 ni h tirẹ̀, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹni tó kọ púpọ̀ tó sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni nọ́ńbà yẹn ń gbè.

Ti orúkọ náà tún wà. Bó o bá tẹ "Ọ̀ṣuntókun" pẹ̀lú àmì ohùn, o lè máa rò pé kò kọ nǹkan kan, torí "Osuntokun BO" ni wọ́n fi í sí nínú àwọn àkójọ ńlá. Ṣọ́ra fún "Osuntokun O" pẹ̀lú, ẹlòmíràn nìyẹn. Ní 1971, àwọn méjèèjì jọ kọ àpilẹ̀kọ kan nínú American Journal of Ophthalmology nípa ojú tó ń ṣú lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ ìyàtọ̀ á so èèyàn méjì pọ̀ di ọ̀kan, tàbí kó gé ẹnì kan sí méjì. ORCID tó ń fún olùwádìí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyùn_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ajé, 9:51 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ma. Kí Google tó dé ńkọ́, ta ló ń ka ìtọ́kasí? Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á?

ÒpìtànÌwé (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ọwọ́ ni mà. Ará Amẹ́ríkà kan, Eugene Garfield, ló kọ ọ́ sínú jọ́nà Science ní 1955 pé ó yẹ kí atọ́ka kan wà tí á máa fi hàn wá ẹni tó tọ́ka sí ẹni. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ti ń tẹ Science Citation Index, àwọn ìwé gbàǹgbà tí lẹ́tà inú wọn kéré gan-an. Kí èèyàn lè tọpa ọ̀rọ̀ ló ṣe ṣe é: bí mo bá ní àpilẹ̀kọ àtijọ́ kan lọ́wọ́, kí n lè mọ àwọn tó gbé e síwájú lẹ́yìn ìgbà náà. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn èèyàn.

Mo fẹ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù rántí èyí. Bó o bá lo atọ́ka náà bí Garfield ṣe ní i lọ́kàn, o ò ní sọnù.

DókítàÀgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti tọ́jú aláìsàn nááfù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ àná.

Ẹni tó bi ọ́ ní h-index, ṣé ó ka àpilẹ̀kọ 1968 náà? Inú jọ́nà Brain ló wà, ìdìpọ̀ 91, láti ojú-ewé 215 dé 248. Ojú-ewé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Àkọlé rẹ̀ ni "An ataxic neuropathy in Nigeria", ó sì fi kún un pé àyẹ̀wò ara aláìsàn, àyẹ̀wò kẹ́míkà inú ara àti àyẹ̀wò bí iná ṣe ń rìn nínú nááfù ni òun fi ṣe é. Ẹ̀ka mẹ́ta nínú àpilẹ̀kọ kan. Lóde òní, ẹlòmíràn á gé e sí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí h rẹ̀ lè gòkè.

Jẹ́ kí n sọ àìsàn náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dùn wọ́n. Aláìsàn á ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó òun bí iná, tàbí kó ní ó ti kú, bíi pé òwú lòun ń tẹ̀. Bó bá ń bọ́jú láàárọ̀, tó pa ojú dé, á ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, torí ojú ló kù tó fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ojú tó gbẹ́kẹ̀ lé náà á wá máa ṣe bàìbàì, etí á sì máa di. Nááfù ẹsẹ̀, nááfù ojú, nááfù etí, àti ìrìn tó dàrú. Ẹni tó kọ́kọ́ tò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí dókítà ní ilẹ̀ mìíràn á fi lè dá a mọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Àyẹ̀wò iná yẹn, bá a ṣe ń ṣe é ni pé a ó fi iná kékeré ta nááfù níbì kan, a ó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí iṣan tó fò. A ó tún ta á níbòmíràn tó jìnnà díẹ̀, a ó wọn àlàfo àárín wọn, a ó sì ṣírò eré tó sá. Nááfù apá tó le koko máa ń sá ju mítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ Ọ̀ṣuntókun kì í ṣe ti iṣan àti nááfù, sọ fún un pé orí iṣan gan-an la ti ń ka ohun tí nááfù ṣe.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1969, òun àti Monekosso àti Wilson gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ jáde nínú British Medical Journal. Inú ìlú ni wọ́n lọ, wọn ò jókòó sílé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n fura sí ni ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ní ohun kan nínú tó máa ń di sáyánáìdì, májèlé kan. Bí wọn ò bá rẹ ẹ́ tó, tí wọn ò jẹ́ kó kan tó, díẹ̀ á ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ. Ara máa ń lo sọ́fọ́ (sulphur) tó ń rí nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà láti sọ sáyánáìdì yẹn di thiocyanate, tí èèyàn á tọ̀ dànù. Ẹni tó bá wá ń jẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí ẹja kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni ara rẹ̀ yóò fi jà?

Ní 1981 ó tún kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú World Review of Nutrition and Dietetics, ìdìpọ̀ 36. Wò ó: 1968, 1969, 1971, 1981. Ọdún mẹ́tàlá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbé àkọsílẹ̀ olùwádìí síwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyẹn, pé ṣé ó padà sí ojú iṣẹ́ rẹ̀.

Lábù_Lọ́ńdọ̀nù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí Màmá ÒpìtànÌwé sọ ló mú mi wọlé. Lábù iṣan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ìṣòro yẹn sì wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ìmọ̀ iṣan.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1954, jọ́nà Nature tẹ àpilẹ̀kọ méjì tẹ̀ léra wọn. Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke kọ èkíní. Hugh Huxley àti Jean Hanson kọ èkejì. Àwọn Huxley méjèèjì kò bára tan rárá! Ohun kan náà sì ni àpilẹ̀kọ méjèèjì ń sọ: bí iṣan bá sún kì, àwọn okùn inú rẹ̀ kì í kúrú, ńṣe ni okùn tín-ín-rín ń yọ́ wọ àárín okùn tó nípọn, bí ìgbà téèyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún sáàárín ìka ọwọ́ òsì. Fi Julian Huxley kún un, onímọ̀ ẹranko, ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Andrew. Ẹni tó bá tẹ "Huxley" nìkan tó sì ní òun ti ka ìtọ́kasí, àṣìṣe gbáà ló kà.

Andrew yìí náà ló bá Alan Hodgkin kọ àwọn àpilẹ̀kọ 1952 nínú Journal of Physiology nípa bí iná ṣe ń rìn nínú nááfù ńlá tó wà lára squid, ẹran omi kan. Wọ́n gba Nobel fún un ní 1963, àwọn àti John Eccles. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn àpilẹ̀kọ náà ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ ọ́ pé "ìṣirò Hodgkin àti Huxley", tàbí pé okùn iṣan ń yọ́ wọnú ara wọn, láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé. Bí iṣẹ́ bá ti wọ egungun ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ìtọ́kasí rẹ̀ tún máa ń dín kù sí bó ṣe yẹ.

OlùkọniFásitì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́)

Mo ka gbogbo yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí láyè kí n tako díẹ̀.

Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga. Ẹ̀yin ń sọ ibi tí nọ́ńbà ti ń ṣini lọ́nà, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó wà ńlẹ̀ kí nọ́ńbà tó dé. Ọmọ ta ni? Ìlú wo ló ti wá? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ọmọ tálákà tó kọ àpilẹ̀kọ mẹ́wàá gidi lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, torí kò sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Mo ti rí i tí ìwé ìtọ́kasí gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé e síwájú wa, ó ní, "Ẹ wò ó, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ní Japan àti Brazil ń lo iṣẹ́ mi." Kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ sí i.

Nítorí náà, Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù, má ka ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè sí ọ̀tá. Bó o bá fi iṣẹ́ ẹnì kan ṣe òpó, ó yẹ kó o lè sọ ta ló tún gbára lé òpó náà.

ÒpìtànÌwé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọlé, pàápàá ti ọmọ tálákà yẹn. Mi ò ní kí ẹ sọ nọ́ńbà nù. Kí wọ́n má fi wé ohun tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ wo àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ. Oliver Lowry àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ ní 1951 nínú Journal of Biological Chemistry, lórí bí èèyàn ṣe lè wọn iye prótéènì tó wà nínú omi. Nígbà tí Nature to ọgọ́rùn-ún tó ga jù lọ ní 2014, ìtọ́kasí rẹ̀ ti lé ní 305,000. Gbogbo lábù ló ń wọn prótéènì, ti iṣan, ti ẹ̀dọ̀, ti ewé. Irinṣẹ́ ni, ó sì wúlò lọ́jọ́ gbogbo bí ìwọ̀n orí àtẹ. Wàyí o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àìsàn tó ń bá àwọn ìlú díẹ̀ jà ní Ìjẹ̀bú. Olùwádìí mélòó ló wà láyé tó lè ní ìdí láti tọ́ka sí i?

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti rí i. Ní 2013 ni wọ́n gbé ìkéde tí wọ́n ń pè ní DORA jáde láti San Francisco, pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe fi òkìkí jọ́nà wọn iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n ka iṣẹ́ náà.

ỌmọÒsósà (Ọjọ́ Rú, 5:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò kàwé dé ibi tẹ́ ẹ kà á dé, mọkáníìkì ni mí. Ìlú mi ni Òsósà, ìlú Hubert Ògúǹdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n wá ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí Bàbá DókítàÀgbà sọ nípa bíbọ́jú yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ìyá tó bí ìyá mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ń bọ́jú, ọwọ́ kan á wà lára ògiri. Bí iná bá ti lọ lálẹ́, ẹ ò ní rí wọn kí wọ́n dìde lórí àga. Wọ́n máa ń ní kí n bá wọn da omi tútù sí ẹsẹ̀, pé ẹsẹ̀ ń jó àwọn. Nígbà tó yá, a ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ wa. A ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn kan láàárín ilé ní ayé ló ń ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn sì da ẹbí rú díẹ̀.

Mo kéré nígbà tí àwọn kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nílùú wa, tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń ní kí àwọn àgbà rìn kí àwọn wò. Ṣé ara ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ni? Kí ni wọ́n rí? Kò sẹ́ni tó padà wá sọ fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù (Ọjọ́ Rú, 7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí ìyá àgbà. Mi ò lè sọ pé àwọn gan-an lẹ rí, ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, Òsósà yín ni wọ́n sì ti ṣe é. Mo ní i lórí kọ̀ǹpútà mi. Olúwọlé, Onabolu, Link àti Rosling ló kọ ọ́, ó jáde ní 2000 nínú Journal of Neurology, Neurosurgery and Psychiatry. Rosling yẹn ni Hans Rosling ará Sweden, tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà fún bó ṣe ń fi àwòrán tó ń rìn ṣàlàyé ìlera àgbáyé.

Èèyàn 4,583 ni wọ́n kọ sílẹ̀ nílùú. Wọ́n yẹ 3,428 wò, àwọn tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè. Wọ́n rí àìsàn náà lára 206. Ìyẹn ni 6.0 nínú ọgọ́rùn-ún: 7.7 láàárín obìnrin, 3.9 láàárín ọkùnrin. Láàárín àwọn ìyá tó wà ní ọdún 60 sí 69, ó tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹbí yín. Kì í ṣe ayé ló ṣe wọ́n.

Ọ̀ṣuntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé Òsósà ṣáájú. 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1969. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tuntun padà sí ìlú kan náà torí pé ó ti kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni: èsì tí mi ò rí fọ̀ níjọ́sí rèé.

Ìyùn_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Rú, 7:20 àárọ̀)

ỌmọÒsósà, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Ara mi bù máṣọ.

DókítàÀgbà (Ọjọ́ Rú, 10:10 àárọ̀)

Ọmọ mi, o ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀ yẹn, torí ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè lákọ̀ọ́kọ́ lè bi ọ́ ní èkejì.

Àkọ́kọ́, má sáré sọ pé àìsàn náà ti di ìlọ́po mẹ́ta láti 1969. Bí wọ́n ṣe ṣàyẹ̀wò nígbà méjèèjì lè yàtọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni kó o sọ.

Èkejì ni mo fẹ́ kó o fọwọ́ pàtàkì mú. Olúwọlé kan náà tún kọ òmíràn ní 2002, nínú Journal of Neurology: àwùjọ kan tí sáyánáìdì ẹ̀gẹ́ pọ̀ lára wọn, síbẹ̀ tí àìsàn nááfù yìí kò pọ̀ láàárín wọn. Ṣé o rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Bó bá jẹ́ pé sáyánáìdì nìkan ló ń fa àìsàn náà, ó yẹ kí àwọn wọ̀nyẹn máa ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀ṣuntókun fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ ni wọ́n ń mì tìtì yẹn. Kí wọ́n tó lè mì í, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́ka sí i.

Nínú kọ̀ǹpútà, ìtọ́kasí tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, èyí tó bá a jiyàn náà jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀. Ìwọ ló yẹ kó o mọ̀ ọ́n, torí ìwọ ni wàá ka àpilẹ̀kọ náà. Àpèjúwe tó ṣe nípa àìsàn náà ṣì dúró, òun ni wọ́n ṣì fi ń dá a mọ̀. Ohun tó ní ó ń fa àìsàn náà ni iyàn wà lórí rẹ̀. Ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú orí kejì rẹ.

OlùkọniFásitì (Ọjọ́ Rú, 11:34 àárọ̀)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá síwájú ìgbìmọ̀ mi pẹ̀lú irú àlàyé yẹn, mi ò ní bi í ní h-index mọ́. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kí nọ́ńbà sọ fún mi ló wà nínú rẹ̀.

Lábù_Lọ́ńdọ̀nù (Ọjọ́ Rú, 12:50 ọ̀sán)

Mo lọ ka àpilẹ̀kọ 2000 náà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n fi àìsàn Òsósà wé èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Cuba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó mú èèyàn tó lé ní 50,000: ojú ń ṣú, ẹsẹ̀ ń jó, etí ń di. Ohun tí wọ́n kọ nípa ìlú kéékèèké ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n gbé sílẹ̀ láti fi wo àjàkálẹ̀ tó bá orílẹ̀-èdè kan. Àbúrò, fi ìyẹn kún un.

Nǹkan kan ṣì kù. Bó o bá ka àkọsílẹ̀ Ọ̀ṣuntókun, nááfù ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ 1987 nínú jọ́nà Epilepsia wà lórí wárápá ní Igbó-Ọrà. Ojúlé dé ojúlé náà ni, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000, wọ́n sì rí 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti rí 37 nínú ẹgbẹ̀rún ní Aiyété, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ní 1995, ọdún tó kú, orúkọ rẹ̀ ló ṣìkejì lẹ́yìn Hendrie nínú American Journal of Psychiatry, lórí àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ẹni tó bá kó gbogbo ìtọ́kasí wọ̀nyẹn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti nááfù mọ́. Yọ ti nááfù sọ́tọ̀, kó o sì kà á láyè ara rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù (Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́)

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín.

Alẹ́ àná àti òní ni mo fi tún orí kejì kọ. Mo yọ mẹ́ta kúrò nínú àwọn ìtọ́kasí mọ́kànlá yẹn, torí mo rí i pé inú ìwé ẹlòmíràn ni mo ti gbé wọn láìka àwọn fúnra wọn. Ojú tì mí fún ìyẹn, mo sì ti sọ fún olùdarí mi. Mo pín ìyókù sí ọ̀nà méjì bí Bàbá ṣe wí: ohun tó ṣàpèjúwe, àti ohun tó fura sí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ àwọn tó gbà, mo kọ àwọn tó jiyàn, mo sì kọ ohun tí wọ́n fi jiyàn. Ojú-ewé mẹ́rin ló gbà. Olùdarí mi kà á, ó ní kí n gbé e padà síwájú gbogbo wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àpilẹ̀kọ Brain yẹn nìkan ni mi ò tíì rí lódindi. Àkékúrú rẹ̀ ni mo ní.

ÒpìtànÌwé (Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́)

Ìdìpọ̀ 91 wà lórí pẹpẹ wa, mo lọ wò ó lónìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já, ṣùgbọ́n ojú-ewé 215 dé 248 pé pérépéré. Fi àdírẹ́sì íméèlì rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, wàá rí i gbà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

ỌmọÒsósà (Ọjọ́bọ̀, 10:22 alẹ́)

Àbúrò, mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá orúkọ Òsósà wà nínú ìwé yẹn lóòótọ́, àti pé ṣé ẹnì kan lè ka ti 2000 yẹn fún àwọn ní Yorùbá. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Akẹ́kọ̀ọ́Nááfù (Ọjọ́bọ̀, 10:31 alẹ́)

Orúkọ Òsósà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí Màmá fún mi títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màá kọ kókó inú rẹ̀ ní Yorùbá, màá sì kà á sórí fóònù kẹ́ ẹ lè gbé e sétí wọn.